Páànù Mẹ́tàdínlógún

Wọ́n ní èéfín nìwà, rírú ní í rú.
Ẹ bá mi bi àgbà tó pa á lówe
bóyá ó mọ èéfín tí kì í rú.

Mẹkaníkì ni mí ní Kétu,
lójú ọ̀nà Pọ̀bẹ̀, lábẹ́ máńgòrò tí mànàmáná là sí méjì.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń dí ọ̀fun ọkọ̀.
Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é:
mo gé agolo tòmátì, mo fi òòlù nà án kó tẹ́,
mo lu ihò méjì sí i fún bóòtù,
mo tì í bọ àárín páìpù
tó ń dá èémí ẹ́ńjìnnì padà sínú ẹ́ńjìnnì.
Ó parí. Owó séfà, ẹgbẹ̀rún márùn-ún.
Bọ̀kárì ará Màlàǹfíìlì tẹ iná,
kàmíọ̀ ta bí ẹṣin tó já okùn.
Ó ní, “Ọ̀gá Lámídì, ọwọ́ ẹ dára!”
Èéfín tó ń rú dúdú tẹ́lẹ̀ mọ́ fẹ́ẹ́.
Mo rẹ́rìn-ín.
Mo rò pé mo bá wọn fọ ojú ọ̀run ni.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè wá sí Àjàṣẹ́,
àwa ogójì, nínú kíláàsì tó gbóná bí ààrò.
Obìnrin ló kọ́ wa, Sẹ̀nábù Àdìgún,
gírísì èékánná rẹ̀ ju tèmi lọ.
Ó ní, “Kí ni iná ń jẹ?”
A ní epo.
Ó ní, “Bó bá gbóná níwọ̀n, epo ló ń jẹ.
Bó bá gbóná kọjá ààlà, afẹ́fẹ́ gan-an ló ń jó.
Oríṣi afẹ́fẹ́ méjì tó ti ń gbé pọ̀ láti ìwáṣẹ̀,
tí wọn ò jà, tí wọn ò fẹ́ra,
ooru yẹn a fi tipá so wọ́n pọ̀.
Ọmọ tí wọ́n bí, májèlé ni.”

Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì fi ń gbé díẹ̀ mì nínú èémí ara rẹ̀,
èémí tó ti rẹ̀, tí kò lè jó mọ́,
kó lè bu sùúrù sínú iná.
Páìpù yẹn ni mo dí.
Agolo tòmátì.

N kò fọhùn nínú ọkọ̀ títí a fi dé Pọ̀bẹ̀.
Àkàbà Ìdẹ́nà ni mò ń rò,
ibodè tí àwọn baba wa mọ, tí wọ́n gbẹ́ yàrà yí ká,
tí wọ́n ń bi àlejò léèrè orúkọ kó tó wọlé.
Èyí tí mo tú sílẹ̀ kò kan ìlẹ̀kùn.
Ó gba orí ògiri, ó wọ ilé ìwé ẹ̀bá ọ̀nà
níbi tí ọmọ Àfúsátù ti ń wúkọ́ bó bá ti di ọ̀sán,
tí a ń sọ pé ọyẹ́ ni,
tí a ń sọ pé eruku ni.
Eruku pupa la rí. Ẹ̀bi di ti eruku.

Mo fi èédú kọ wọ́n sára ògiri: ọkọ̀ mẹ́tàdínlógún.
Mo ránṣẹ́ pé ẹ wá, n kò ní gba fàráńkì kan.
Márùn-ún ti wá.
Bọ̀kárì gbé tuntun dé, èyí tó ní táńkì kékeré, ìdérí aláró,
tí wọ́n ń bu omi yùríà sí láti fi fọ ẹnu èéfín.
“Ọ̀gá, gé e dànù. Ìtọ̀ ni wọ́n ń tà fún wa!
Ta ló gbọ́ pé kàmíọ̀ ń mu ìtọ̀?”
Mo ní, “Ìwọ náà ti tọ̀ síná rí kó lè kú. Bu omi sí i.”
Ó bínú, ó sọdá lọ bá Jùlíẹ́ẹ̀nì,
ẹni tó ṣì ń jẹ tòmátì púpọ̀.

Gúrúpù ilé ìgbẹ̀bí náà, mo ti tún un ṣe, iná inú rẹ̀ rọ̀.
Nọ́ọ̀sì ní epo tó ń mu lé sí i.
Òótọ́ ló sọ. N kò tíì mọ èsì tí n ó fún un.

Páànù márùn-ún wà nínú àpótí mi,
ooru ti sọ wọ́n di aláwọ̀ osùn.
Ọ̀kan nínú méjìlá tó kù, wọ́n ti tà á sí Ṣábẹ̀ẹ́.
Mo mọ ohùn wọn. Bí wọ́n bá kọjá lóru, n ó jí,
n ó yọjú síta,
ojú ọ̀nà á mọ́ gaara.